Axle ẹ̀yìn go-kart: ilẹ̀ tó o máa wà á lórí ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò

Àwọn ọmọ tó ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà níbí ní Iléṣà pé àwọn fẹ́ ṣe go-kart, mọ́tò kékeré tí kò lórí yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń gbé wá, ṣé ti ọ̀kadà ni ká lò ni àbí ti jẹnẹrétọ̀, ṣé á sáré dáadáa, tí mo bá wá bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe fẹ́ so táyà ẹ̀yìn, wọ́n á ní ṣebí irin kan la máa tì bọ̀ ọ́. Irin yẹn là ń pè ní axle, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà o. Ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi ni pé ẹ̀yìn yẹn ló máa sọ bóyá kart náà á ṣeé wà àbí ẹ máa pa á tì sẹ́yìnkùlé.

Ọ̀nà mẹ́ta táwọn èèyàn ń gbà ṣe é nìyí. Àwọn kan máa ń lo irin kan gbọọrọ tó so táyà méjèèjì pọ̀, tí ọ̀kan bá yí, èkejì gbọ́dọ̀ yí. Àwọn míì, irin wọn kì í yí rárá, táyà kan ṣoṣo ni ṣéènì ń fà, èkejì kàn ń yí lórí bẹ́áríǹ tiẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni differential, ìyẹn gíà tó ń jẹ́ kí táyà kan lè yára ju èkejì lọ, bíi ti kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ohun tó fà á tí ọ̀nà fi pé mẹ́ta ni pé tí kart bá ń yí kọ́nà, táyà tó wà lápá ìta máa ń rìn jìnnà ju tapá inú lọ. Tí àárín táyà méjèèjì bá jẹ́ mítà kan, tẹ́ ẹ bá yípo lẹ́ẹ̀kan, tìta á rin mítà 6.28 ju tinú lọ, róńdábáòtù ńlá o, kékeré o, iye yẹn náà ni. Irin tó so wọ́n pọ̀ ò sì gbà kí ìkan yára ju ìkan lọ, àfi kí ọ̀kan yọ̀ lórí ilẹ̀. Lórí títì ọlọ́dà, kì í fẹ́ yọ̀, ẹ ti yí steering tán kart ṣì ń fẹ́ lọ tààrà, táyà á sì máa jẹ. Àmọ́ lórí ilẹ̀ pupa wa yìí tó ní òkúta wẹ́wẹ́, kíá ló ń yọ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ ọ́n lára.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ máa wà á láwọn àdúgbò tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí pé irin gbọọrọ ni kó lò. Àwọn kan á ní differential ló dáa jù, ṣebí òun ni mọ́tò ń lò. Ẹ wo nǹkan tó máa ń ṣẹlẹ̀ lásìkò òjò, tí táyà ẹ̀yìn Márúwá kan bá kó sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ìyẹn lá máa yí lófìfo, èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle á dúró gbagidi, èrò á ní láti bọ́ọ́lẹ̀ tì í. Kart tó jẹ́ táyà kan ṣoṣo ni ṣéènì ń fà náà, tí táyà yẹn bá ti wọ ẹrẹ̀, ó parí. Irin gbọọrọ ò mọ ìyẹn, tí ọ̀kan bá ń yọ̀, èkejì á máa tì yín lọ. Differential tún wúwo, ti Márúwá wà lára gíà àti ẹ́ńjìnnì ẹ̀ pọ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kúkú gbé gbogbo ẹ̀yìn Márúwá, ó máa dáa fún kart èèyàn méjì tó fẹ́ máa rìn lórí ọ̀dà, kódà ó ní rìfáàsì. Fún èèyàn kan, ẹrù lásán ni.

Amẹ́ríkà ni kart ti bẹ̀rẹ̀, ní California lọ́dún 1956, Art Ingels ló kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ṣe é, títí dòní kart tí wọ́n fi ń díje ò ní differential, irin gbọọrọ yìí náà ni wọ́n ń lò, lórí ọ̀dà sì ni o. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i, iwájú ló wà. Irin tí táyà iwájú ń yí lé lórí, wọ́n á dẹ orí ẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, nǹkan bíi digíríì 10 sí 15, tẹ́ ẹ bá wá yí steering, táyà iwájú apá inú á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn apá inú á sì fúyẹ́ nílẹ̀, ìyẹn lá jẹ́ kó ráyè yọ̀. Torí náà ẹni tó bá lo irin gbọọrọ, kó má to iwájú ẹ̀ lóòró gangan o.

Táyà kan tí ṣéènì ń fà, mi ò sọ pé kò dáa. Tó bá jẹ́ ọmọ kékeré ló fẹ́ máa wà á lórí símẹ́ńtì nínú ọgbà, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kékeré, òun ni kẹ́ ẹ ṣe fún un, owó ẹ̀ ò pọ̀, ó sì máa ń yí kọ́nà wẹ́rẹ́.

Àmọ́ bíréèkì! Ọ̀rọ̀ yìí ló ká mi lára jù nínú gbogbo ẹ̀ torí ìlú tiwa yìí, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Táwọn táyà ẹ̀yìn ò bá so pọ̀, tẹ́ ẹ wá fi bíréèkì sára ẹyọ kan, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kart á fa ara ẹ̀ sí apá ibẹ̀, ó lè gbé ọmọ wọ gọ́tà. Àfi kẹ́ ẹ fi bíréèkì sí méjèèjì, kó sì máa dì wọ́n bákan náà. Irin gbọọrọ, dísìkì ọ̀kadà ẹyọ kan tó fún táyà méjèèjì. Ara axle gan-an ni kẹ́ ẹ dè é mọ́, ẹ má gbé e sápá ẹ́ńjìnnì, kó lè jẹ́ pé tí ṣéènì bá já, bíréèkì ṣì wà.

Irin tẹ́ ẹ máa lò ńkọ́? Irin kọ́ńkéré kọ́ o, kì í ṣe róbótó dáadáa, bẹ́áríǹ ò lè jókòó lé e. Irin ṣáàfùtù ni, mìlímítà 25 fún ọmọdé, 30 fún àgbà. Bẹ́áríǹ ẹ̀ ò ṣòro wá, irú èyí tó wà lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin pákí yẹn náà ni, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi 5 ṣe ìlọ́po nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, ìwọ̀n ihò ẹ̀ nìyẹn, UCP205 jẹ́ 25, UCP206 jẹ́ 30. Ẹ gbé bẹ́áríǹ méjèèjì sún mọ́ táyà bẹ́ ẹ bá ṣe lè sún un mọ́ ọn tó, torí tí táyà bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí bẹ́áríǹ, agbára tó fẹ́ tẹ irin yẹn náà á di ìlọ́po méjì.

Wọ́n máa ń gbé sprocket, irin eléyín tí ṣéènì ń kọ́, wá fún mi, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jó o mọ́ irin yìí." Mo máa ń ní, "Àbúrò, rárá." Iná wẹ́dà á tẹ irin, sprocket á máa mì, ṣéènì á máa já, tí eyín ẹ̀ bá sì jẹ, ẹ ò lè yọ ọ́ mọ́. Ẹ lọ bá àwọn tó ń fá irin lórí lathe, kí wọ́n gé ojú kíì mìlímítà 8 sí i, kíì ni irin kékeré tí kì í jẹ́ kí họ́ọ̀bù yọ̀ lórí irin, irin 25 àti 30, kíì 8 náà ni méjèèjì ń lò, kí wọ́n wá bá yín ṣe họ́ọ̀bù tẹ́ ẹ máa fi nọ́ọ̀tì de sprocket mọ́.

Ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ tó ń yí ìgbà 3600 ní ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ bá fi eyín 10 síwájú, 60 sẹ́yìn, táyà ínṣì 13 á gbé yín sáré nǹkan bíi kìlómítà 37 ní wákàtí kan. Ó tó fún òkè wa, ẹ má wá eré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá ń tò ó, ẹ má kọ́kọ́ di bẹ́áríǹ le. Ẹ fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara sprocket iwájú dé tẹ̀yìn, kó fara kan ojú méjèèjì láì ní àyè, ẹ wá máa fi ọwọ́ yí axle bẹ́ ẹ ṣe ń di nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Níbi tó bá ti ń wúwo lọ́wọ́ yín, ẹ tú u, ẹ fi wásà sábẹ́ ẹ̀. Àwọn sukúrúù kékeré tó di bẹ́áríǹ mú irin ló kẹ́yìn, ẹ sì tún padà wò wọ́n lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ wà á díẹ̀, torí wọ́n máa ń tú.