Ejẹ́ǹtì àbí Àdáṣe? Bí Ìdílé Wa Ṣe Ti Ògbómọ̀ṣọ́ Lọ sí Disney World

Láti ìgbà tí mo ti gbé fọ́tò wa sórí Facebook, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: "Àǹtí, ejẹ́ǹtì wo lẹ lò?" Ẹ̀yin ará, mi ò lo ejẹ́ǹtì kankan. Bọ̀dá mi ló lo ejẹ́ǹtì. Ọkọ̀ òfurufú kan náà la jọ wọ̀, ọgbà kan náà la jọ wọ̀, àmọ́ ohun tí ojú kálukú rí níbẹ̀ yàtọ̀ gedegbe. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́. Inú tó ń bí mi ni kò jẹ́. Ó ti rọlẹ̀ díẹ̀ báyìí.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni a lọ, nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú ọlidé gígùn. Walt Disney World là ń lọ, ibùdó ọgbà ìṣeré ńlá tó wà lẹ́bàá ìlú Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá rò pé ọgbà kan ṣoṣo ni, kó tún un rò. Ọgbà ńlá mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Magic Kingdom, EPCOT, Hollywood Studios àti Animal Kingdom, wọ́n sì jìnnà síra wọn débi pé ọkọ̀ lèèyàn ń wọ̀ láti ọ̀kan dé òmíràn. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn kì í ṣe iye kan náà lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí o bá mú ló ń sọ iye tí wàá san. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ ti Disney fúnra wọn, àìlóǹkà mìíràn sì wà níta tí wọ́n ń fi orúkọ Disney pe oníbàárà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wa ti ṣẹ̀.

Bọ̀dá ń ta símẹ́ǹtì ní Tákíẹ̀, kò ráyè jókòó ti fóònù. Ọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì kékeré nítòsí ibẹ̀, tó lẹ àwòrán ọkọ̀ òfurufú mọ́ gíláàsì, ló ní kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún òun: físà, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì, ọgbà, gbogbo ẹ̀ pátá. Owó gọbọi ló gbà, lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì kó ìwé kan aláwọ̀ mèremère lé Bọ̀dá lọ́wọ́. Mo bèèrè pé èló ni ti hòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, èló ni ti ọgbà. Bọ̀dá ní, "Pákéèjì ni." Mo ní kí wọ́n ní kó là á sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ náà kàn fẹ́ràn wàhálà."

Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Under-G, nítòsí LAUTECH. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá ọmọ ọlọ́mọ kún fọ́ọ̀mù. Kí ló dé tí mi ò ní kún tèmi? Fọ́ọ̀mù físà tí wọ́n ń pè ní DS-160, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà fún gbogbo ayé. Dọ́là 185 ni owó físà nígbà náà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, iye kan náà sì ni, ìbáà jẹ́ ìwọ lo san án, ìbáà jẹ́ ejẹ́ǹtì ló bá ọ san án. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ènìyàn ń san owó ńlá lé e lórí fún ẹni tó ní òun "mọ èèyàn níbẹ̀". Nígbà tí wọ́n pè wá ní ọ́fíìsì físà Amẹ́ríkà ní Victoria Island, Bọ̀dá nìkan ló dúró níwájú fèrèsé yẹn. Ejẹ́ǹtì kò sí níbẹ̀. Òfin físà ti yí padà gan-an láti ìgbà náà, ẹ yẹ ìkànnì wọn wò fúnra yín kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àmọ́ ẹ má rò pé àdáṣe rọrùn o. Hòtẹ́ẹ̀lì Disney tó wà ní ìpele owó pọ́ọ́kú, All-Star Music, ni mo mú fún èmi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì; káàdì dọ́là ni mo fi san án. Lẹ́yìn náà ni ti Lightning Lane, ìyẹn ìlà tí wọ́n ń sanwó sí kéèyàn má baà dúró pẹ́ nídìí àwọn ohun ìṣeré. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ètò ẹ̀ padà lóṣù Keje ọdún yẹn ni: ẹni tó bá máa sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì Disney lè mú tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ méje ṣáájú, ẹni tó bá sùn síta, ọjọ́ mẹ́ta. Aago méje àárọ̀ wọn ló ń ṣí, ìyẹn aago méjìlá ọ̀sán ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ fojú inú wò ó: Nẹ́pà ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń hó, ọmọ ilé ìwé kan dúró tì mí pé kí n bá òun tẹ ìwé ìwádìí òun jáde kíákíá, èmi sì tẹjú mọ́ aago fóònù. Bó ṣe di méjìlá géérégé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ọmọ yẹn bínú kúrò. Mo rí gbogbo èyí tí mo fẹ́ mú.

Mi ò ní fi ìrìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó, láti Èkó dé Atlanta, láti Atlanta dé Orlando gba àkókò yín. Ẹsẹ̀ wú, ọrùn wọ́. Ká má parọ́, ejẹ́ǹtì Bọ̀dá ṣe dáadáa nínú ọkọ̀: ó tò wọ́n jókòó pa pọ̀, ó sì ṣètò àga onítáyà fún Màámi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n sọ fún yín pé mo rọ ni?" Èmi àti ọmọ mi kékeré, ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi wá sí. Ohun kan tún rèé: ẹ má di ẹran gbígbẹ kankan sínú ẹrù. Ojú wa ni wọ́n ṣe gba odindi ọ̀rá ẹran lọ́wọ́ obìnrin kan ní Atlanta, tí wọ́n jù ú sí pàǹtírí.

Orlando ni ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn. Bọ̀dá yọ ìwé aláwọ̀ mèremère jáde, wọ́n ní ká máa bọ̀, pé ọkọ̀ ọ̀fẹ́ Disney ń dúró dè wá. Mo gba ìwé náà. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn wà láyé àtijọ́, àmọ́ oṣù Kínní ọdún 2022 ni wọ́n ti fòpin sí i! Ẹni tó ta ìrìn àjò fún wọn lọ́dún 2024 kò tiẹ̀ yẹ ìwé tó fi ń tajà wò fún ọdún méjì. Mo ti sanwó ọkọ̀ akérò kan sílẹ̀ fún àwa mẹ́ta. Mo bẹ dírẹ́bà, ó fi owó kún owó, gbogbo wa sì há síbẹ̀.

"Hòtẹ́ẹ̀lì inú Disney" tí ìwé Bọ̀dá ń wí, ní Kissimmee ló wà, lójú títì márosẹ̀ 192, láàárín ilé oúnjẹ àti ilé tí wọ́n ti ń ta ẹ̀bùn ìrántí. A kọjá ilé ìtajà kan tí òrùlé rẹ̀ rí bí ìdajì ọsàn, ràgàjì. Màámi wò ó títí, wọ́n ní, "Ṣé ohun tá a sanwó wá wò nìyí?" Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Ọmọbìnrin orí káńtà rẹ́rìn-ín sí wa, ó rí orúkọ Bọ̀dá lórí kọ̀ǹpútà, ó ní káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ó ku dọ́là 35 lórí yàrá lálaalẹ́, wọ́n ń pè é ní resort fee. Bọ̀dá ní àwọn ti san gbogbo ẹ̀ tán. Ó ní owó yàrá ni wọ́n san, èyí yàtọ̀. Bọ̀dá ní kí ni wọ́n ń fi owó náà ṣe? Ó ní omi ìwẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré nínú ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì, àti fóònù inú yàrá. Bọ̀dá ní àwọn kò fẹ́ fóònù. Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní dọ́là 200 náà tún wà tí wọ́n máa dè mọ́lẹ̀ lórí káàdì títí wọ́n á fi kúrò, torí bí nǹkan bá bàjẹ́.

Bọ̀dá fa káàdì náírà yọ, èyí tí ejẹ́ǹtì ní á ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Ọ̀pọ̀ báńkì ló ti dá irú káàdì yẹn dúró fún ìnáwó òkè òkun nígbà náà. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Wọ́n fa òmíràn yọ, ó tún kọ̀ ọ́. Wọ́n ka dọ́là lọ́wọ́, ọmọbìnrin náà ní káàdì nìkan ni àwọn ń gbà fún owó tí wọ́n máa dè mọ́lẹ̀ yẹn. Ọmọ kékeré tó wà lẹ́yìn Ìyàwó Bọ̀dá ti ń ké. Bọ̀dá pe ejẹ́ǹtì lórí WhatsApp, ó ń dún, kò gbé e. Aago mẹ́rin ìdájí ti kọjá nílé, òótọ́ ni, àmọ́ ṣebí òun ló kọ ọ́ sínú ìwé pé tọ̀sán-tòru lòun wà fún oníbàárà? Káàdì mi ni mo gbé lé orí káńtà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni èsì ejẹ́ǹtì tó wọlé: "Ẹ kú ìgbádùn sà."

Orí àpótí ni Màámi jókòó sí ní gbogbo àkókò yẹn. Tàmálè ní Gánà ni wọ́n bí wọn sí, bí wọ́n ṣe bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí òbí wọn ń ṣòwò níbẹ̀, ọmọdé sì ni wọ́n nígbà tí òfin tí ìjọba Gánà ṣe fún àwọn àjèjì lọ́dún 1969 lé wọn wálé. Wọ́n ní, "Nígbà tí à ń ti Tàmálè bọ̀, ẹni tó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi, orí ẹrù kan náà la jọ jókòó sí. Ẹni tẹ́ ẹ fún lówó yìí, ibo ló wà?" Bọ̀dá kàn ń fi ọwọ́ nu ojú.

Mo gbé Màámi lọ sọ́dọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Yàrá wa gba ènìyàn mẹ́rin, wọ́n fi orúkọ wọn kún un láìgba kọ́bọ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì Disney kì í gba resort fee. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí ẹ bá ń fi iye yàrá wéra. Èyí tó dà bí ọ̀pọ́ níta lè má fi bẹ́ẹ̀ pọ́ mọ́ tí ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Ọjọ́ kejì, inú mi yọ́. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣe é. Bọ́ọ̀sì hòtẹ́ẹ̀lì wa já wa sẹ́nu ọ̀nà Magic Kingdom, wọ́n sì jẹ́ ká wọlé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àwọn ará ìta. Ti Bọ̀dá, bọ́ọ̀sì ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ ni hòtẹ́ẹ̀lì wọn ní, ó já wọn sí òdìkejì omi, wọ́n tún wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá. Wọ́n ní ìyẹn tilẹ̀ dùn mọ́ àwọn. A dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì. Kálukú ń gbé ìka lé ẹ̀rọ kó tó wọlé. Ó kan ọmọ wọn kékeré, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Bọ̀dá gbé e sókè, wọ́n ní níbo ni òun á ti tẹ̀ ẹ́ fún un. Òṣìṣẹ́ náà ní kó máa wọlé, ọ̀fẹ́ ni ọmọ tí kò tíì pé mẹ́ta.

Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ejẹ́ǹtì ti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ yẹn. A ṣí áàpù Disney lórí fóònù: tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, kò sí karùn-ún. Ìyàwó ń wo ọkọ rẹ̀, Bọ̀dá ń wo ilẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà tún jẹ́ irú èyí tí èèyàn fi ń wọ ọgbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ kan, ó wọ́n ju ti lásán lọ. Ta ló fẹ́ gbé ọmọ ọdún méjì àti ìyá àgbà káàkiri ọgbà méjì nínú oòrùn oṣù Kẹjọ ní Florida?

Ọkọ̀ ojú irin tó ń yí ọgbà náà ká ni Màámi yàn láàyò, ọkọ̀ gidi tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, tó ń yọ èéfín. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n tún wọ̀ ọ́, wọ́n kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀. Bọ̀dá jókòó nítòsí ère Roy Disney tó wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà. Mo sọ fún wọn pé Walt Disney, tó ni èrò ọgbà náà, kú lọ́dún 1966 láìrí ibẹ̀, pé Roy ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló parí iṣẹ́ náà, tó ṣí i ní October 1, 1971, tó sì ní orúkọ Walt ni kí wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n ní kí n ya àwọn ní fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rẹ́rìn-ín láti ìgbà tá a ti dé nìyẹn. Ní EPCOT, níbi tí wọ́n to ìran orílẹ̀-èdè mọ́kànlá sí yíká omi, Morocco nìkan ni ti Áfíríkà nínú wọn. Màámi ní, "Gánà dà?"

Ẹ má ra omi inú ike nínú ọgbà. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní omi tútù nínú kọ́ọ̀bù, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n tún gbà kéèyàn gbé oúnjẹ wọlé; ṣinṣíìnì Màámi ni a fi ti inú títí di alẹ́.

Ṣé kéèyàn má lo ejẹ́ǹtì rárá ni? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ejẹ́ǹtì kan wà tí Disney fún ní àṣẹ, tó jẹ́ pé Disney fúnra rẹ̀ ló ń san owó iṣẹ́ wọn. Iye tí wàá san fún Disney ni wàá san lọ́dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Houston lo irú wọn, ẹni yẹn ló ń jí bá a mú ìlà sílẹ̀. Ejẹ́ǹtì tó bá kọ̀ láti sọ iye tí hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́ àti iye tí ọgbà jẹ́, tí kò lè fún ọ ní nọ́ńbà tí wàá fi rí yàrá àti tíkẹ́ẹ̀tì rẹ fúnra rẹ lórí áàpù, ẹ gba owó yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Bọ̀dá padà lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Ejẹ́ǹtì ti dá owó tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ padà, díẹ̀díẹ̀. Ti resort fee, ó ní kò sí nínú ìwé, torí náà kò kan òun; wọ́n ṣì ń fà á. Màámi ti ní Tàmálè ló kàn báyìí. Ìyẹn ò le, a ò nílò físà láti wọ Gánà. Ọkọ̀ nìkan ni mo ṣì ń wá.