Àwọ̀ ewé ń tàn, owó ò wọlé

Àárọ̀ yìí ní Tanke, nílùú Ìlọrin, gbogbo iná tó wà lójú dashboard wa, ìyẹn ojú ìwòye tá a fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìsanwó wa, ló jẹ́ àwọ̀ ewé. Server, kọ̀ǹpútà tó gbé iṣẹ́ wa, ń dáhùn; CPU, ọpọlọ rẹ̀, ò ké. Kí ni mo tún ń wá? Ni Alhaja kan bá pè láti Ọjà Ọba: "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yín ò jẹ́ n sanwó o. Ó kàn ń yí ṣáá ni!" Mo ní, "Ẹ má bínú, Alhaja, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ping, àyẹ̀wò tó ń pe ẹ̀rọ wò bóyá á dáhùn, ò béèrè ju bóyá ẹ̀rọ wà láàyè lọ. Ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn náà wà láàyè. Dísìkì database, ibi tá a ń kó àkọsílẹ̀ wa sí, ló ti kún dẹ́nu. Log, àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ fúnra rẹ̀, ti gba gbogbo àyè, database ò lè kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá wa sì fẹ́ràn kó máa fi 99.9% yangàn, pé ìyẹn ni ìdá àkókò tí ẹ̀rọ wa fi ń ṣiṣẹ́. Ó dùn létí, àmọ́ ó ṣì fàyè gba bíi wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 45 tí iṣẹ́ lè fi dúró lọ́dún. Bó bá wá bọ́ sí ọjọ́ ọjà ńkọ́?

Ní báyìí, a ti fi script kan, ètò kékeré tó ń dá ṣiṣẹ́, síbẹ̀ tó ń ṣe bí oníbàárà: á wọlé, á san náírà kan, á jáde, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. A tún ní kó máa pariwo bí dísìkì bá ti kún dé 80%.

Alhaja ti sanwó tán. Wọ́n ní kí n wá gba wàrà.