Imú ẹ ló mọ òórùn tó máa mú ara ẹ balẹ̀

Ẹni tó bá ti wọ dánfó láti Ọ̀ṣòdì lọ sí CMS láàárọ̀ rí mọ̀ pé òórùn lè ba ọjọ́ èèyàn jẹ́. Èéfín ọkọ̀, òógùn, ẹja tútù tí ẹnì kan gbé sábẹ́ ìjókòó, orí á ti máa fọ́ ẹ kó o tó dé Third Mainland, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ jiyàn ìyẹn. Àmọ́ tó o bá ní òórùn náà lè mú kí àyà tó ń lù kìkì rọra lù, kí èjìká tó ti le gbagidi rọ̀, wọ́n á ní o ti bẹ̀rẹ̀ àṣà òyìnbó. Ṣebí imú kan náà ni. Tí òórùn burúkú bá lè da ara rú, kí ló dé tí èyí tó ń ta sánsán ò ní lè tù ú?

Àwọn epo tí wọ́n ń fà jáde lára ewé, òdòdó àti èèpo èso, tí wọ́n ń pè ní essential oil yẹn, èròjà inú wọn kì í pẹ́ fò sínú afẹ́fẹ́. O fà á símú, ó lọ bá àwọn ohun tó ń gba òórùn lókè imú lọ́hùn-ún, àwa èèyàn ní bí 400 oríṣi wọn. Linda Buck àti Richard Axel ló kọ́kọ́ ṣàlàyé wọn ní 1991, torí ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù rèé: nǹkan tí ojú rí àti èyí tí etí gbọ́ máa ń kọ́kọ́ yà níbì kan láàárín ọpọlọ, bí ọkọ̀ tó gbọ́dọ̀ dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù kó tó lọ, òórùn ò yà níbì kankan, tààrà ló ń lọ sí amygdala tó ń mójú tó ẹ̀rù, ó sì tún kan hippocampus tó ń tọ́jú ìrántí. Ìdí nìyẹn tó o fi lè gbóòórùn ọṣẹ kan kí ara ẹ ti yí padà kó o tó rántí pé ọṣẹ tí màmá àgbà ń lò ni. Tí ọpọlọ bá sì ti gbà pé kò séwu níbẹ̀, iṣan vagus tó gba ọrùn sọ̀kalẹ̀ dé ọkàn àti ikùn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkàn á rọra máa lù, ikùn á máa da oúnjẹ bó ṣe yẹ.

Lafẹ́ńdà, òdòdó òyìnbó kan tó ń ta sánsán, ni wọ́n yẹ̀ wò jù. Èròjà kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ linalool, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Kagoshima ní Japan jẹ́ kí eku gbóòórùn ẹ̀, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2018, ìbẹ̀rù àwọn eku yẹn dín kù, wọn ò sì máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu oògùn oorun. Wọ́n wá mú eku tí wọ́n ti ba ìgbóòórùn ẹ̀ jẹ́, wọ́n jẹ́ kó fa linalool kan náà símú, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ ò rí i pé imú gan-an niṣẹ́ náà gbà, kì í ṣe pé ó gba ẹ̀dọ̀fóró wọnú ẹ̀jẹ̀.

Àmọ́ eku Japan nìyẹn o, èèyàn ní ìtàn tiẹ̀. Ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Sùúrùlérè, oorun ò kì í wá sójú wọn mọ́ lóru, mo ra lafẹ́ńdà, mo kán an sórí àńkáṣíìfù, mo ní, "Màámi, ẹ gbọ́ òórùn yìí." Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Kí lèyí, oògùn ẹ̀fọn?" Wọn ò rí lafẹ́ńdà lágbàlá ẹnikẹ́ni rí, kí ni kó rán wọn létí? Ewé tíì ni mo wá sè, mo gbé abọ́ ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí ooru ẹ̀ ṣe ń jáde ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹ̀yìnkùlé ilé wọn l'Ábẹ́òkúta, ohùn wọn ti rọ̀, èémí wọn ti gùn. Mi ò sọ pé ewé tíì ni oògùn àìróorunsùn o, tó bá pẹ́ lára èèyàn kó lọ rí dókítà. Ohun tí mò ń sọ ni pé òórùn tí ara ẹ ti mọ̀ mọ ìgbà ayọ̀ ló máa kọ́kọ́ tù ẹ́. Fún ẹlòmíì efinrin ni, fún ẹlòmíì kànáfùrù, fún ẹlòmíì èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Tùràrí náà dáa, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n èéfín ni, má jó o nínú yàrá tí wọ́n ti pa dé.

Èémí náà wà níbẹ̀. Òórùn tó bá dáa, kò dìgbà tí wọ́n bá sọ fún ẹ kó o tó fà á wọnú pátápátá, tó bá burú ńkọ́, ṣe lo máa ń sé èémí. Ẹni tó bá sì ń rọra mí, bí ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan, ọkàn ẹ̀ á rọra máa lù, kódà láìsí epo kankan. Torí náà nínú gósílóò, ẹ̀kán kan lórí àńkáṣíìfù ti tó, fà á wọlé díẹ̀díẹ̀, kí èyí tó ò ń mí síta gùn ju èyí tó ò ń fà wọlé lọ. Kó o sì yan òórùn kan fún ìsinmi nìkan, má lò ó ní ọ́fíìsì, ọpọlọ máa ń so nǹkan pọ̀ mọ́ra, tó bá yá òórùn yẹn nìkan á ti sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú. Míńtì ò dáa fún ìyẹn, ó máa ń la èèyàn lójú ni, menthol inú ẹ̀ ń tan iṣan tó ń mọ òtútù, èèyàn á rò pé imú òun ti là nígbà tí kò tíì là.

Tó o bá fẹ́ fi epo olóòórùn yìí pa ara, pò ó mọ́ epo míì, ẹ̀kán mẹ́fà sínú òróró 30 ml, má fi í pa ara lásán. Lọ́jà, pàápàá ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà, wo orúkọ Lavandula angustifolia, ìyẹn lafẹ́ńdà gidi, lára ìgò, kí ìgò náà dúdú. Tí róòsì àti ọsàn bá jẹ́ iye kan náà, pafúùmù ni wọ́n ń tà fún ẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kílò òdòdó ló ń di kílò kan epo róòsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ti àwọn ọmọ ọwọ́ ló ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù, ni èròjà G6PD, tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kó má fọ́, ò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, òórùn kánfọ̀ tí wọ́n kó sáàárín aṣọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn máa fọ́, ojú á pọ́n bí àwọ̀ yẹ́lò, jọ́ńdíìsì yẹn sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Má fi kánfọ̀ sáṣọ ọmọ tuntun, má fi róòbù tàbí epo míńtì pa á láyà tàbí nímú, gbé epo yúkálípítọ́ọ̀sì jìnnà sí ọmọ tó ti ń rìn torí tó bá gbé e mì, gìrì lè mú un. Ẹni tó ní ásímà náà, kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ láti òkèèrè kó tó gbé e sún mọ́ imú. Tó o bá sì rí i pé ojú ọmọ tuntun ti ń pọ́n, má wẹ̀ ẹ́ ní àgbo, má gbé e sínú oòrùn, gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà.