Ẹ Gba Ìbuwọ́lù Yín: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Tẹknọ́lọ́jísìtì Tí Ń Bọ̀ Lẹ́yìn

Ní oṣù yìí, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ní Iléṣà gba òǹtẹ̀ COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, inú mi sì dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń bi mí bóyá kí àwọn padà sí yunifásítì tàbí kí àwọn dúró ní sáìtì, mo rí i pé wọn kò wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù, ìyẹn ìbuwọ́lù ẹni tí yóò jẹ́rìí sí iṣẹ́ wọn.

Ẹ ti mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. COREN, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, ní àyè fún ẹnjiníà, tẹknọ́lọ́jísìtì, tẹknísíà àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó fi ọdún márùn-ún gba dìgírì ní OAU ń gba ọ̀nà ẹnjiníà lọ tààrà. Àwa tí a lo ọdún méjì fún ND, ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, àti ọdún méjì mìíràn fún HND ní ilé-ẹ̀kọ́ pólì, tẹknọ́lọ́jísìtì ni wọ́n ń pè wá. Bí ẹ bá ro ó pọ̀, ọdún márùn-ún ni tiwa náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé bó ti wù kí ìrírí yín pọ̀ tó, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé COREN gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i kí wọ́n tó kà á sí.

Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, a ń kọ́ ilé alájà kan ní ìlú yìí. Ọ̀gá mi ní dìgírì, ó sì mọ ìṣirò dunjú. N kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ da dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré ti àjà òkè, típà já yanrìn sílẹ̀. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fún un pọ̀ lọ́wọ́, mo gbọ̀n ọ́n nù, ẹrẹ̀ pupa sì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo rọ díẹ̀ sínú ìgò, mo bu omi àti iyọ̀ sí i, mo gbọ̀n ọ́n, mo gbé e sílẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ẹrẹ̀ ti jókòó sórí yanrìn ní ìpele tó nípọn tó ìka méjì. Ẹrẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí kọnkéré le dáadáa, mo sì gbé ìgò náà tọ ọ̀gá lọ. Ó bi mí pé yunifásítì wo ni mo ti kọ́ ìyẹn, àwọn lébírà rẹ́rìn-ín, a sì da kọnkéré náà.

Àwọn kúùbù, ègé kọnkéré tí a fi ń dán agbára rẹ̀ wò, tí a fọ́ ní ọjọ́ 7 kò dára. Àwọn ti ọjọ́ 28 kò dára bákan náà. Èmi àti àwọn lébírà kan náà la fi òòlù fọ́ dẹ́kìn ọ̀hún kúrò lára irin. Nígbà tí ọ̀gá mi wá fẹ́ kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fún COREN, ìgò mi ló kọ síbẹ̀, pé àyẹ̀wò tí òun fúnra òun ṣe ni, èmi ni ó sì fún ní ìwé náà láti tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó gba òǹtẹ̀. Ní ọdún tí èmi náà fẹ́ forúkọ sílẹ̀, mo tọ̀ ọ́ lọ pé kó jẹ́rìí sí iṣẹ́ mi. Ó ní fóòmàn lásán ni mo jẹ́ níbẹ̀, òun kò sì lè fi òǹtẹ̀ òun ṣeré. Inú mi kò tíì yọ́ sí i, n kò sì ní purọ́ fún yín pé ó ti yọ́.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gba ìbuwọ́lù yín bí òṣómàáló ṣe ń gba owó aṣọ, tí í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ẹ kọ ọjọ́, ibi iṣẹ́, àléébù tí ẹ rí àti ipa tí ẹ kó gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnjiníà buwọ́ lù ú kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ má ṣe é bí ìwé SIWES, ti ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ̀ ń dà kọ ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe PGD, dípúlómà yunifásítì lẹ́yìn HND, kí ó lè di ẹnjiníà, kó lọ, ó dára. Wọn yóò ṣì béèrè iṣẹ́ tó ti ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ sì tó gbaṣẹ́ ní Iléṣà tàbí ní Ifẹ̀, ẹ béèrè ẹnjiníà tí yóò buwọ́ lu iṣẹ́ yín, kí ẹ wo nọ́ńbà òǹtẹ̀ rẹ̀; bí wọ́n bá ní ó ṣì ń wá òǹtẹ̀ náà lọ́wọ́, owó oṣù nìkan lẹ ó bá níbẹ̀.