“Ṣé ó yé yín?”: Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta fi hàn mí

Ó di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní físíìsì kí n tó mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n kọ́.

Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ní Pàkátà, Ìlọrin náà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì. Wọ́n máa ń kì wá pé ẹnu wa dùn ju iyọ̀, ẹnu yẹn ni mo sì gbójú lé. Tí mo bá wọ gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ tó lé ní irinwó á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa kọ̀wé, èmi náà á máa làágùn, wákàtí méjì á ti pé kí n tó mọ̀. Tí èsì ìdánwò bá wá jáde tí ọ̀pọ̀ wọn fìdí rẹmi, ohun tí mo máa ń sọ ni pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò kàwé.

Nígbà tí lẹ́tà dé pé kí gbogbo wa wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí bí a ṣe ń kọ́ni, inú bí mi díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ pírámárì, wọ́n á ní kó mú ìwé-ẹ̀rí NCE wá. Nígbà tí wọ́n gba èmi síṣẹ́, PhD mi ni wọ́n wò, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti kọ́ èèyàn kankan rí. Ó yẹ kí èyí ti mú ojú tì mí, ṣùgbọ́n ńṣe ni mo fi ń gbéra ga. Torí sátífíkéètì tí wọ́n ní yóò wúlò fún ìgbéga ni mo ṣe lọ, àti torí ìrẹsì. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, oorun ni mo sùn. Ọkùnrin kan fi wákàtí kan àtààbọ̀ ka ohun tó wà lójú pátákó fún wa, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé kí olùkọ́ má máa ka ohun tó wà lójú pátákó fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó mẹ́nu ba CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, gbé jáde lọ́dún 2022, pé 70% nínú ẹ̀kọ́ ti ọ̀dọ̀ àjọ náà wá, pé yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni yóò fi 30% tirẹ̀ kún un. Ẹnì kan bi í pé kí la wá fẹ́ ṣe nínú gbọ̀ngàn tí irinwó ọmọ jókòó sí. Ó ní ìbéèrè tó dáa ni, ó sì ṣí ojú ewé tó kàn.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní microteaching la ṣe: wàá kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní ẹyọ ohun kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á fi fóònù ká a sílẹ̀, gbogbo yín á sì jọ wò ó. Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1963, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tiwa náà sì ti ń lò ó tipẹ́. Àwa onífásítì ló ṣàjèjì sí. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ni ní apá ìlú Oro, ní Kwara níbí, ló jókòó tì wá. Ẹnu mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a wo fídíò náà tán, màmá wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè mọ́kànlá lẹ bi wá. Mẹ́wàá nínú ẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ dáhùn.”

Mo ní, “Ìkọkànlá ńkọ́, mà?”

“‘Ṣé ó yé yín?’ A sì ní ó yé wa.”

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀. Nílẹ̀ tiwa, tí àgbà bá bi ọmọdé pé ṣé ó yé e, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà. Ọmọ tó bá ní kò yé òun, bí ẹni pé ó ní àgbà ò mọ̀ ọ́n sọ ni, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ délé. Ìkíni lásán ni “Ó yé wa, sà”, bí ìgbà tí wọ́n bá ní “Ṣé dáadáa lẹ jí?” tí èèyàn ní “A dúpẹ́”, kódà kí ibà máa ṣe é. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń kí àwọn ọmọ yẹn, tí mo rò pé mò ń yẹ̀ wọ́n wò.

Ohun tó tún dùn mí ni pé mo ti rí ohun tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní kékeré. Ní ilé kéwú wa, Alfa kì í bi wá bóyá ó yé wa. Wàláà rẹ ni wàá gbé lọ síwájú rẹ̀, wàá kà á sí i létí. Tó o bá ṣì í kà, o ò ní fọ wàláà náà kọ òmíràn, wàá padà lọ jókòó. (N kò sọ pé ká mú pàṣán wọ yunifásítì o.)

Ṣùgbọ́n irinwó wàláà ńkọ́? Màmá sọ fún wa nípa Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣèwádìí ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ kékeré. Ó rí i pé tí olùkọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀ tán, bí ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ló ń dúró kó tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ náà wá ń dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ náà sì ń dá sí i. Mo rò pé kékeré ni. Màmá ní kí n gbìyànjú ẹ̀ níbẹ̀, ìkejì ò tíì pé tí mo ti lanu. Ó ní, “Ẹ rọra ṣe súbùhánálláhì mẹ́ta nínú ọkàn yín. Ẹ̀yin onígbàgbọ́, ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ máa ṣe.”

Lọ́jọ́ Ajé, mo ra ọsàn kan ní Tanke kí n tó wọ gbọ̀ngàn. Mo jù ú sókè lójú wọn, mo hán an. Mo ní: nígbà tó dé òkè pátápátá, tó fẹ́ máa bọ̀ nílẹ̀, kí ló ń fà á? Ọ̀kan, kò sóhun tó ń fà á. Èjì, òòfà ilẹ̀ ń fà á bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ta, òòfà ilẹ̀ ń fà á, àmọ́ agbára rẹ̀ ti dín kù. Kí kálukú fi iye ìka tó bá yàn lé àyà, kí ará ẹ̀gbẹ́ má rí i. Mo dákẹ́, mo ṣe súbùhánálláhì mẹ́ta. Nígbà tí mo wo ọwọ́ wọn, ìka kan ló pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe ìṣirò irú ọsàn yẹn, tí wọ́n gba máàkì. Wọ́n mọ fọ́múlà, wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀ kì í sinmi.

Mo ní kí kálukú wá ẹni tí ìka rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí wọ́n jà á fún ìṣẹ́jú méjì. Ọwọ́ Eric Mazur, tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Harvard, ni mo ti yá èyí. Láti 1991 ló ti ń ṣe é. Gbọ̀ngàn wá dà bí ọjà Ìpàtà. Akọ̀wé ẹ̀ka wa yọjú wò bóyá àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ìwọ́de. Nígbà tí wọ́n tún gbé ìka sáyà, ìka méjì ló pọ̀ jù, èmi ò sì tíì ṣàlàyé ohunkóhun.

Orí mi wú. Lọ́sẹ̀ kejì, mo kó gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa wọlé lẹ́ẹ̀kan: ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún lórí àga tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, ìdìbò lórí fóònù nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ò ní dátà. N kò parí ìdajì iṣẹ́ ọjọ́ náà. Aṣojú kíláàsì wá bá mi lọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà, wọ́n ní kí n bá wọn bẹ̀ yín pé kí ẹ máa kọ́ wa bíi ti tẹ́lẹ̀.” Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Mo da ìyókù nù, mo mú ìka àti ìdákẹ́ nìkan, ìbéèrè méjì láàárín wákàtí kan. Torí náà, ẹni tó bá ti irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dé, kó mú ẹyọ ohun kan, kó lò ó fún odindi sáà kan kó tó mú èkejì. Èsì ìdánwò sáà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àmọ́ mo ti ń mọ ohun tí kò yé wọn lọ́sẹ̀ kẹta, dípò ìgbà tí mo bá ń máàkì.

Ẹ tún wá ẹni tí yóò jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn yín. Kó má jẹ́ HOD, ìyẹn olórí ẹ̀ka yín, kó má jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìgbéga yín. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan láti ẹ̀ka mìíràn ni mo bẹ̀. Mo ní kó má wo èmi, kó wo àwọn ọmọ, kó máa kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ó ka ọmọ mẹ́tàdínlógún tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Ó tún rí i pé apá ọ̀tún nìkan ni mo ń kọjú sí, torí ibẹ̀ ni fáànù wà! Èmi náà lọ jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn tirẹ̀, a sì fi wàrà àti fùrá san gbèsè ara wa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, ẹ fi ọjọ́ kan sọ̀rọ̀, kí ẹ fi méjì ṣe microteaching. Kí ẹ sì pè wá padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ká wá rojọ́ ohun tó wó mọ́ wa lọ́wọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo pe màmá lórí fóònù láti dúpẹ́. Mo ròyìn ọsàn, mo ròyìn ìka, mo ní mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kọkànlá yẹn mọ́. Mo wá ṣàlàyé bí mo ṣe ń yan ìbéèrè, àlàyé náà gùn. Nígbà tí mo parí, ó bọ́ lẹ́nu mi: “Ṣé ó yé yín, mà?”

Ó dákẹ́. Mo ti ṣe súbùhánálláhì méjì kó tó bú sẹ́rìn-ín.