Bí A Ṣe Ń Ka Ahoro Ilé Olódi ní Ìgbèríko Ireland

Ọmọ Ireland kan níbi iṣẹ́ ló sọ ọ̀rọ̀ kan tó ta mí lára: ó ní kí ni ọmọ Nàìjíríà ń wá nínú àwókù ilé àwọn baba ńlá àwọn. Ẹni tí ìran rẹ̀ kó kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ahoro fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Cork, Galway tàbí Limerick, ẹ má kàn máa wakọ̀ kọjá lára àwọn ògiri wọ̀nyí.

Bí ẹ bá rò pé ilé ọba ni àwọn ilé olódi wọ̀nyí, ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọba tì. Ilé gogoro tí àwọn olórí ìdílé kọ́ láàárín nǹkan bí 1400 sí 1650 ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, àwọn Gaelic, ìyẹn ọmọ ìbílẹ̀ Ireland, àti àwọn tí ìran wọn ti Engíláǹdì wá. Ní 1429, ìjọba Henry Kẹfà, ọba Engíláǹdì, ṣe òfin pé ẹni tó bá kọ́ irú rẹ̀ ní Dublin, Meath, Kildare tàbí Louth láàárín ọdún mẹ́wàá yóò gba pọ́ùn 10, bí ó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, tó fẹ̀ ní 16, tó sì ga ní 40. Wọ́n máa ń fi ògiri yí àgbàlá rẹ̀ ká, bawn ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń kó màlúù sí bí olè tàbí ogun bá ń bọ̀. Agboolé gan-an ni, ilé baálé ló kàn ga ju tiwa lọ.

Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò kékeré nínú òkúta ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, ṣéènì ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Òun ni wọ́n fi ń fa géètì onírin tó wà níta pa láti inú ilé. Bí ẹ bá wọlé, ẹ gbójú sókè: ihò mìíràn wà lókè orí yín, tí àwọn tó wà lókè ilé fi ń ju òkúta tàbí yìnbọn lu ẹni tó bá já wọlé. Inú ògiri fúnra rẹ̀ ni àtẹ̀gùn tó ń yí po wà. Ó máa ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀, ìgbésẹ̀ òkè sì lè ti já, nítorí náà ẹ má gùn ún.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù wà lára òrùlé òkúta tó tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe tààrà, ẹ óò rí àmì igi tẹ́ẹ́rẹ́ híhun. Àwọn bíríkìlà hun igi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí férémù pákó, wọ́n wá to òkúta pẹ̀lú àpòpọ̀ ẹfun àti iyanrìn lé e. Nígbà tó gan, wọ́n yọ férémù náà kúrò. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó hun igi yẹn ṣì wà níbẹ̀. Níbòmíràn, ègé igi náà gan-an ṣì há sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ibi ìdáná lókè tí kò sí ilẹ̀ níwájú rẹ̀, pákó ilẹ̀ náà ló ti jẹrà. Òkúta tó yọrí jáde ní ìlà kan ló ń gbé igi àjà dúró. Ẹ ka àwọn ìlà náà, ẹ óò mọ iye àjà tí ilé náà ní.

Nígbà tí ọ̀rúndún 17 dé, àwọn olówó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Fèrèsé fẹ̀ sí i, ihò ìbọn kò kúrò. Ní Leamaneh, ní Clare, ẹ óò rí méjèèjì pa pọ̀: ilé gogoro bí 1480 tí fèrèsé rẹ̀ tín-ínrín, àti ilé ńlá olófèrèsé gbòòrò tí ìdílé O'Brien kọ́ mọ́ ọn. Ní 1651 wọ́n pa Conor O'Brien, ẹni tó ni ilé náà, lójú ogun tí Cromwell, ọ̀gágun Engíláǹdì, gbé wá sí Ireland. Ìyàwó rẹ̀, Máire Rua, fẹ́ ọmọ ogun kan nínú àwọn tó ṣẹ́gun náà, kí ilẹ̀ má bàa bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Òfin tí Engíláǹdì ṣe ní 1652 gba ilẹ̀ àìmọye ìdílé, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjá odò Shannon sí ìwọ̀-oòrùn Ireland. Ní Burncourt, ní Tipperary, wọ́n parí ilé ńlá kan ní 1641. Nígbà tó di 1650, iná ti jó o.

Lẹ́yìn ogun, òjò ni ọ̀tá. Bí òrùlé bá ti lọ, omi ń wọ orí ògiri, ó ń fọ ẹfun jáde, gbòǹgbò ivy, ewéko tó ń gun ògiri, sì ń gba àyè náà. Òkúta igun ilé ni àwọn ará àdúgbò ń kọ́kọ́ yọ torí pé ó ti gún régé. Bí igun bá ti sọnù, ògiri òkè rẹ̀ a là. Ẹni tó bá fa ivy yọ lójijì ń fa òkúta mọ́ ọn. Ẹni tó fi sìmẹ́ńtì dí i ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó le ju ògiri lọ, kì í jẹ́ kí omi jáde, bí omi náà bá dì nígbà òtútù, ojú òkúta a bó. Ẹfun ni kí wọ́n fi tún un ṣe.

Ọ̀pọ̀ ahoro wọ̀nyí, títí kan Leamaneh, wà lórí ilẹ̀ aládàáni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀, bí kò bá gbà, ẹ wò ó láti ojú títì. Ẹ má mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin nínú ilẹ̀ lọ, òfin lòdì sí i láìní ìwé àṣẹ. Bí ẹ ṣe bá géètì ni kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí màlúù tó ní ọmọ bá sì wà nínú pápá, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.