Ká Fetí sí Ilẹ̀ Kí A Tó Gbẹ́ Ẹ

Bí ọ̀rọ̀ omi gbígbóná Ìkógòsì bá ti délẹ̀ láàárín àwa tó ń gbé Àkúrẹ́, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi béèrè ìdí tí wọn kò fi gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n fi ooru rẹ̀ tan iná fún wa. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni Ìkógòsì wà láti ọdún 1996 tí wọ́n ti yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ṣùgbọ́n ara ilẹ̀ àpáta àtijọ́ kan náà ni ibẹ̀ àti ibí. Ìdáhùn mi ni pé omi tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lójú ilẹ̀ kò sọ bí ibi tó ti gba ooru ṣe jìn tó, kò sì sọ ọ̀nà tó gbà gòkè. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá ìyẹn mọ̀, ìgbì tó ń gba inú ilẹ̀ kọjá sì lè sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ fún wa.

Ooru nìkan kò ṣọ̀wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ kìlómítà kan, ìgbóná ilẹ̀ a fi nǹkan bí 25 sí 30 ìwọ̀n Celsius lé sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sábà máa ń kéré sí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ àpáta àtijọ́. Ibi tí ooru, omi àti àpáta tó lanu ti pàdé ara wọn ló ṣọ̀wọ́n. Ní Olkaria ní Kẹ́ńyà, níbi tí wọ́n ti ń fi ooru ilẹ̀ tan iná láti ọdún 1981, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ooru sì sún mọ́ òkè. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá gbẹ́ ibi tí kò yẹ lọ́dọ̀ wa lè ná owó rẹpẹtẹ, kó sì bá àpáta gbígbẹ tó dì pa.

Oríṣi ìgbì méjì la fi ń ṣiṣẹ́ yìí. Ìgbì P ń fún ilẹ̀ pọ̀, ó sì ń tú u sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìgbì S ń mì í sí ẹ̀gbẹ́. Nínú akọ òkúta tí kò sán, ìgbì P a máa sáré tó kìlómítà 5.5 sí 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì S a sì máa sáré díẹ̀ ju ìdajì ìyẹn lọ. Nínú omi, ìgbì P kò ju nǹkan bíi kìlómítà 1.5 lọ, ìgbì S kò sì lè gba inú omi kọjá rárá. Nídìí èyí, bí ìgbì méjèèjì bá ń falẹ̀ níbì kan, tí S sì falẹ̀ ju P lọ, a ó fura pé àpáta ibẹ̀ sán, omi sì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé omi tó ti hó di èéfín ló kún ojú sísán náà, P gan-an ló máa ń falẹ̀ jù, bí wọ́n ṣe rí i ní pápá ooru ilẹ̀ The Geysers ní California.

Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìgbì yìí kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Jíófóònù la ń pè é. Irin ṣóńṣó kan wà nídìí rẹ̀ tí a fi ń gún un mọ́lẹ̀. Nínú rẹ̀, wáyà bàbà tí wọ́n wé ń rọ̀ lórí sípíríǹgì yí òòfà kan ká. Bí ilẹ̀ bá mì, òòfà á bá ilẹ̀ lọ, wáyà á ṣẹ́ kù sẹ́yìn díẹ̀, iná mànàmáná táṣẹ́rẹ́ kan á sì jáde, òun la ń kọ sílẹ̀. Nínú ilẹ̀ pupa Àkúrẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá ewé àti erùpẹ̀ tó fúyẹ́ kúrò, kí irin náà kan ilẹ̀ tó le, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, atẹ́gùn ni yóò máa gbọ́. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, a ní láti fi irin mìíràn lu ihò fún un kó tó wọlẹ̀. Ọ̀kadà tó kọjá, ewúrẹ́ tó ń jẹko nítòsí, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, gbogbo wọn ló máa hàn nínú àkọsílẹ̀.

Ẹni tó ń wá omi bọ́ọ̀hóòlù lè fi òòlù ńlá lu pátákó irin lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀melòó kan, kó sì ro àkọsílẹ̀ wọn pọ̀. Ìyẹn kò lè fi jìnnà rí ìsàlẹ̀. Fún ìjìnlẹ̀ tó tó kìlómítà, ọkọ̀ ńlá tó ń gbọn ilẹ̀ ni wọ́n ń lò, irú èyí tí wọ́n gbé káàkiri ìlú Munich ní Jámánì ní 2015 sí 2016. Ọ̀nà yìí dára gan-an níbi tí ilẹ̀ bá tò lé ara wọn ní ìpele ìpele, bíi ti etíkun Ìlàjẹ, nítorí pé ìgbì a máa ta padà láti ojú ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní ilẹ̀ akọ òkúta, irú èyí tó ga gègèrè ní Ìdànrè, kò sí ìpele tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀, ìgbì a sì máa fọ́n ká. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ká kàn gbé ọ̀nà yìí, tí àwọn elépo rọ̀bì ń lò, wá síhìn-ín bó ṣe wà.

Ohun tí mo fara mọ́ ni pé ká dákẹ́, ká máa gbọ́. Òkun kì í yéé lu ilẹ̀, ìró rẹ̀ sì ń wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà. Bí a bá fi àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ méjì wéra fún ọ̀pọ̀ oṣù, ohun tó bára mu nínú wọn á fi àkókò tí ìgbì ń lò láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì hàn wá. Inú mi máa ń dùn láti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ pé Òkun Gíní tiwa yìí ní ìró kan tó ń mi ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 26, tí Jack Oliver, onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1962, tí ẹ̀rọ sì ń gbọ́ títí dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ìyẹn lọ́ra ju èyí tí iṣẹ́ ooru ilẹ̀ nílò lọ, ṣùgbọ́n àwọn ìró òkun tó yára jù ú lọ wà lọ́pọ̀ yanturu.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwòrán tó máa jáde dà bíi fọ́tò. Ìgbì tó ń mì nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó ń sáré ní kìlómítà 5, gùn tó 100 mítà láti orí dé ìdí, bẹ́ẹ̀ ojú sísán tó ń gbé omi lè má fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ. Agbègbè tó sán la lè rí. Ojú sísán kọ̀ọ̀kan kọ́. Ní Krafla ní Iceland, àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé òkúta yíyọ́ wà nísàlẹ̀, nítorí pé ìgbì S kì í kọjá níbẹ̀, síbẹ̀ kànga tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kọjá kìlómítà 4 ní 2009 já lu òkúta yíyọ́ ní kìlómítà 2.1 péré. Ìgbì kò sì lè wọn ìgbóná fúnra rẹ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú ilẹ̀ kọjá tì í lẹ́yìn.

Fífetísílẹ̀ náà kò gbọdọ̀ parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ní Soultz ní Faransé, nínú akọ òkúta tó jìn tó kìlómítà 5, ìmìtìtì kéékèèké tí ènìyàn kò lè mọ̀ lára ló fi ibi tí omi tí wọ́n fi agbára tì wọlẹ̀ ti la àpáta hàn wọ́n. Ní Basel ní Switzerland ní 2006, ìmìtìtì tó tó ìwọ̀n 3.4 ló fòpin sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀; ní Pohang ní Kòríà ní 2017, ti ibẹ̀ ju 5 lọ, ó ba ilé jẹ́, ó sì ṣe àwọn ènìyàn léṣe. Àwọn ará Ìkógòsì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè nípa èyí, ó sì yẹ kí a ti ní àkọsílẹ̀ bí ilẹ̀ wọn ṣe ń ṣe kí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ kankan tó débẹ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ èmi ni, n ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ri àwọn ẹ̀rọ náà mọ́ ojú àpáta gbangba yí orísun omi náà ká, jìnnà sí títì, kí wọ́n sì fi wọ́n síbẹ̀ la ìgbà òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ kọjá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, tó ń kọ́ ìmọ̀ yìí sì máa lọ kó àkọsílẹ̀ wọn wá sí Àkúrẹ́ lóṣooṣù.